Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Ta Ní Ń Ṣọ́ Ọ̀nà Kejì?

Olùkọ́ ni mí, ní Òkè-Oyì tí ó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, NCE ni ìwé-ẹ̀rí mi, ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀bi tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò sì ní fi pamọ́, bóyá ẹlòmíràn yóò rí i kọ́gbọ́n.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà Jẹ́bà mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá ṣubú dábùú títì, awakọ̀ tí ó mọ ọ̀nà oko yóò yà sínú igbó, yóò sì bá ọjà. Ẹni tí kò mọ̀ ju títì lọ, ibẹ̀ ni tòmátì rẹ̀ yóò jẹrà sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kejì yìí ni mo bá dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn ni.

Ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò bá tí ì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kí ó tó dé ibi ìdánwò, ìbẹ̀rù nìkan tó láti lé ìmọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa fi fún wa ní kọ̀ǹpútà 40. A kó 10 sí ilé-ìkàwé, 10 sí yàrá sáyẹ́ǹsì, 20 sí gbọ̀ngàn. Kọ̀ǹpútà àgbà, èyí tí ìbéèrè àti ìdáhùn gbogbo ń gbé inú rẹ̀, wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni àpótí kékeré tí à ń pè ní súwíìṣì. Kì í ṣe súwíìṣì iná ara ògiri o. Ẹ fi wé akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Wáyà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wọ ojú ihò kan lára rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, yóò wo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, yóò sì tì í gba ojú ihò tí ẹni tí ó ni ín ń gbé. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà náà ni à ń pè ní Ethernet, èyí tí Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973.

Èmi ni mo ta wáyà wa nígbà àkọ́kọ́. Mo ta á láti ọ́fíìsì dé ilé-ìkàwé, láti ilé-ìkàwé dé yàrá sáyẹ́ǹsì, láti yàrá sáyẹ́ǹsì dé gbọ̀ngàn, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ ìdí ewúrẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, eku jẹ wáyà tí ó wà láàrin ọ́fíìsì àti ilé-ìkàwé. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Mo tún wáyà náà ṣe, mo sì ro ó pé n ó gbọ́n ju eku lọ. Bí mo bá ta wáyà kan sí i láti gbọ̀ngàn padà sí ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ yóò di òrùka. Bí eku bá jẹ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ yóò gba òsì. Mo lọ sí ìgboro Ìlọrin, mo ra wáyà, mo tà á, mo sì ki orí rẹ̀ bọ súwíìṣì. Kí n tó nà tán ni gbogbo iná ara súwíìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàìwàì. Kọ̀ǹpútà 40 dákẹ́. Kò sí ọ̀kan tí ó lè bá èkejì sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá àgbà wọlé, ó wo iná, ó wo èmi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń tún un ṣe ni, àbí ẹ̀ ń pa á?"

Mo pe àbúrò mi kan lórí fóònù, ọmọ àbúrò ìyá mi tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní apá Èkó. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹ́ kí ejò gbé ìrù ara rẹ̀ mì. Ẹ yọ wáyà tí ẹ fi kún un." Mo yọ ọ́, ohun gbogbo sì padà bọ̀ sípò.

Ìgbà tí ó wálé fún ọdún Iléyá ní oṣù Kẹfà ni ó tó là mí lọ́yẹ̀. Ó ní àwọn lẹ́tà kan wà tí kò lórúkọ ẹnì kan, tí ó jẹ́ pé gbogbo ilé ni wọ́n ń kéde sí. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ súwíìṣì, yóò dà á kọ, yóò sì tì í gba gbogbo ojú ihò, àfi èyí tí ó gbà wọlé. Nínú òrùka, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò yí po, yóò padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tún dà á kọ, yóò tún yí po. Lẹ́tà Ethernet kò sì ní òǹkà lára tí yóò sọ pé ìrìn rẹ̀ ti tó, kí ó kú. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ariwo àwọn lẹ́tà tí ń yí po ti bo ohùn àwọn tí ó níṣẹ́ láti jẹ́. Òrùka tí kò ní olórí, ìjì ni.

Ó sọ fún mi pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Radia Perlman ni ó wá ojútùú sí i ní Amẹ́ríkà ní 1985. Ó kọ́ àwọn àpótí náà láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọn yóò tì pa, kí wọ́n sì ṣí i nígbà tí ọ̀nà mìíràn bá já. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní ìlànà àkọ́kọ́ yẹn, ṣíṣí ọ̀nà náà lè gba nǹkan bí 30 sí 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí kì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tí ń ka lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí ìgò ń tò kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ àṣẹ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ilẹ̀ ni ọtí yóò kún. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe súwíìṣì fún ilé-iṣẹ́, pàápàá àwọn ará Jámánì, fi wá ìlànà òrùka tí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní MRP, ti di ìlànà àgbáyé. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá 200 péré ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ọ̀nà mìíràn, bí súwíìṣì tilẹ̀ tó 50 nínú òrùka náà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Ẹ fetí sílẹ̀. A ó yan ọ̀kan nínú àwọn súwíìṣì ṣe olórí. Olórí yìí ní ẹnu-ọ̀nà méjì sínú òrùka, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá dára, yóò ti ọ̀kan pa, kí lẹ́tà má baà máa yí po. Ṣùgbọ́n kì í sùn. Ẹ mọ bí ọdẹ àdúgbò ti máa ń fọn fèrè lóru, tí ọdẹ ìsàlẹ̀ yóò sì fọn tirẹ̀ dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olórí yìí. Ó ń rán lẹ́tà kékeré gba ọ̀tún kí ó lè yí po gba òsì bá a, ó sì ń rán òmíràn gba òsì kí ó gba ọ̀tún bọ̀. Bí wọ́n bá ń padà, òrùka pé. Bí wọn kò bá padà mọ́, ó mọ̀ pé wáyà ti já níbì kan. Lójú ẹsẹ̀ yóò ṣí ẹnu-ọ̀nà tí ó tì, yóò sì ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀nà àná.

Nínú ìsinmi gígùn ọdún náà, àbúrò mi kó súwíìṣì mẹ́rin wá, àwọn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi tuntun rọ́pò, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì yọ̀ǹda fún un. Wọ́n le, wọ́n wúwo, wọn kò ní fáànù tí eruku yóò dí. Irú wọn ni a ṣe fún inú ooru àti ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ. Ihò iná méjì ni ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé bí iná ìjọba bá lọ, èyí tí ó ti ara bátìrì sólà wá yóò gbé e dúró.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ó kọ́ mi bí a ti ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé. Èkíní, wáyà bàbà kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ láàrin súwíìṣì méjì. Níbi tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, okùn gíláàsì tí à ń pè ní fáíbà ni kí a lò, àrá kì í sì í gba ara gíláàsì wọlé. Èkejì, olórí kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú òrùka, nítorí ọba méjì kì í gbé inú ààfin kan. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe pa òrùka dé títí a ó fi kọ́ gbogbo súwíìṣì ní ìlànà tán. Wáyà ìkẹyìn ni kí ó gbẹ̀yìn lóòótọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀tún àti òsì má ṣe gba inú páìpù kan náà.

Lórí ìkẹrin yìí, ó rán mi létí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ̀yin oníṣòwò kò ní tí ì gbàgbé ọjọ́ náà, tí owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kò dé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìgbín. Okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní ẹ̀bá Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Orúkọ mẹ́rin, olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n agbègbè kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà méjì tí ó gba inú kòtò kan, ọ̀nà kan ni." Nítorí náà a gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ta fáíbà kan, a sì gba iwájú ilé-ìkàwé ta àwọn yòókù.

Nígbà tí a parí, a pe ọ̀gá àgbà. Ọmọ kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní gbọ̀ngàn, ó ń dáhùn ìbéèrè. Mo yọ wáyà kan lójú gbogbo wọn. Ojú kọ̀ǹpútà ọmọ náà kò tilẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo ti súwíìṣì olórí mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo ní ó parí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò parí.

Ní Sátidé kejì nínú oṣù Kẹta ọdún 2025, a wà nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, a pe àwọn ọmọ 40 fún ìdánwò ìdánrawò, kí wọ́n lè mọ bí ti JAMB yóò ṣe rí. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ ariwo láti gbọ̀ngàn. Kọ̀ǹpútà 20 ti dúró. Mo sáré dé yàrá sáyẹ́ǹsì, 10 ti ibẹ̀ ti dúró bákan náà. Àwọn ti ilé-ìkàwé nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Mo jáde síta, mo rí òṣìṣẹ́ kan tí ń la gọ́tà, ọkọ́ rẹ̀ sì ti gé wáyà tí ó wà láàrin ilé-ìkàwé àti yàrá sáyẹ́ǹsì. N kò bínú sí i. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé, ẹyọ wáyà kan ni ó gé. Òrùka dà?

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Iná pupa ń tàn lára súwíìṣì olórí. Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, mo rí i pé láti ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ni iná pupa náà ti ń tàn. Mo rántí ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo sì ní kí àwọn ọmọ ro ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kí wọ́n sun koríko rẹ̀. Iná náà ti jó fáíbà wa. Òrùka ti já láti ọjọ́ náà. Olórí ti ṣí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe, nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀. Ó ti fi pupa ké sí wa láti oṣù Kìíní wá, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì ni ó ti ń ké.

Mo padà sí gbọ̀ngàn láti sọ fún àwọn ọmọ pé ìdánwò ti dópin fún ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà. Abúlé tí ó jìnnà ni ó ti ń wá, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rìn wá ní ẹnu ààwẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa yìí nìkan ni ó mọ̀ láyé. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ ìdánwò gan-an nìyí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí a kó kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn jọ fún ni láti lé ẹ̀rù kúrò lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀rù ni mo dá sí i lára.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ lẹ́yìn ìṣínu, mo ro ẹjọ́ fún un, mo sì fẹ́ dá súwíìṣì lẹ́bi pé ògbólógbòó ni. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Òrùka yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 47 ni ó fi gbé yín. Kí ni ẹ̀yin fi ọjọ́ 47 náà ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé ọkàn, òótọ́ sì ni. Òrùka kò sọ pé wáyà kò ní já. Ohun tí ó ṣèlérí ni pé bí ọ̀kan bá já, òun yóò yá wa ní àkókò láti tún un ṣe kí èkejì tó já. Ẹni tí a yá ní àkókò tí kò lò ó, ọjọ́ tí gbèsè bá dé ni yóò mọ̀.

Kì í ṣe Òkè-Oyì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òkùnkùn bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ní òkè ọya fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wáyà iná ńlá tí ó ti Ẹnúgù wá sí Bẹ́núè ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí iná ì bá gbà, èyí tí ó ti Ṣíróró lọ sí Kàdúná. Àwọn abanǹkanjẹ́ ti bà á jẹ́ ṣáájú, àìsí ààbò kò sì jẹ́ kí a tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀nà kan já, iná kò lọ pátápátá. Nígbà tí èkejì já ni gbogbo ayé tó mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Lára súwíìṣì bẹ́ẹ̀, ihò kékeré kan wà tí a ṣe fún ìkìlọ̀, n kò sì bìkítà fún un tẹ́lẹ̀. A so aago kékeré mọ́ ọn, a gbé aago náà sínú yàrá àwọn olùkọ́. Bí òrùka bá já níbikíbi, yóò máa dún títí ẹnì kan yóò fi dìde. Mo yọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo fi gíláàsì sí i. A sì ṣe òfin pé ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà kan: kí a rí i pé iṣẹ́ kò dúró, kí a gbọ́ pé aago dún, kí a sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ọmọ oníwàrà yẹn ni mo kọ́kọ́ yàn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ó fa wáyà náà. Nígbà tí aago dún, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, mo rò pé yóò kú." Ó lọ ṣe ìdánwò JAMB rẹ̀ láì wárìrì. Èyí ni ó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì tó mi.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ ní POS tí káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ méjì, ìgbà wo ni ẹ dán èkejì wò kẹ́yìn? Ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ṣé epo wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì sọ́wọ́ àbúrò, ṣé àbúrò náà ṣì mọ ibi tí ó wà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì tí ẹnikẹ́ni kò rìn, igbó ti bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, aago náà dún ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Eku ni, ó tún ti jẹ wáyà níbi ilé-ìkàwé. Kí aago méjìlá tó lù, mo ti tún un ṣe, ariwo sì ti dá. Àwọn ọmọ mẹ́wàá wà ní ìdí kọ̀ǹpútà ní wákàtí méjì náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.